Kí ló dé tí Eluemunor fi ń ti ẹgbẹ́ kan bọ́ sí òmíràn?

Tóbi_NYG:
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin àgbà. Giants ti New York nínú NFL, líìgì bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, ni mò ń tẹ̀ lé, Jermaine Eluemunor tó ń ṣe right tackle wa (ẹni tó ń dí ọ̀nà mọ́ ọ̀tá ní ìpẹ̀kun ọ̀tún) ni mo sì fẹ́ràn jù. Mo wá lọ ka ìtàn rẹ̀, orí mi dàrú. Baltimore ló mú un ní ìpele karùn-ún draft 2017, níbi tí àwọn ẹgbẹ́ ti ń yan eléré tuntun. Ní 2019 wọ́n fi ṣe pàṣípààrọ̀ pẹ̀lú New England. Ní 2021 Miami gbà á, sáà ò tíì bẹ̀rẹ̀ tí wọ́n fi lé e. Las Vegas ló wá mú un, 2024 ló tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ṣé kò mọ iṣẹ́ ni, àbí ìwà rẹ̀ ni? Ọ̀rẹ́ mi kan ní "àjẹkù ẹgbẹ́ ẹlẹ́gbẹ́" ni. Ó dùn mí, ṣùgbọ́n mi ò rí èsì fún un.

Baba_OLine:
Tóbi, ọ̀rẹ́ rẹ yẹn, ibi tí bọ́ọ̀lù bá lọ lojú ẹ̀ ń lọ. Èmi kì í wo bọ́ọ̀lù mọ́. Ẹsẹ̀ tackle ni mò ń wò. Ìyàwó mi a ní mo jókòó ti eré fún wákàtí mẹ́ta, mi ò mọ ẹni tó gba touchdown wọlé.

Ibi tí oúnjẹ irú wọn ti ń wá rèé. Márùn-ún péré ló ń tò síwájú quarterback, ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù, láti dáàbò bò ó: offensive lineman là ń pè wọ́n. Ṣùgbọ́n òfin NFL ní, lọ́jọ́ ìdíje, tí offensive lineman mẹ́jọ bá múra, ẹgbẹ́ lè lo èèyàn 48. Tí wọn ò bá pé mẹ́jọ, 47 ni. Ta ló fẹ́ fi èèyàn kan ṣòfò? Mẹ́ta á wà níjòókòó, àwọn mẹ́ta yẹn ló sì gbọ́dọ̀ lè dí ihò márààrún. Ẹni tó mọ ipò kan ṣoṣo ò ríṣẹ́ níbẹ̀. Eluemunor ti ṣe guard tó ń dúró sínú lẹ́gbẹ̀ẹ́ tackle, ó ti ṣe tackle ọ̀tún àti tòsì. Nígbà tí Andrew Thomas, tackle òsì Giants, fara pa ní 2024, ṣebí òun náà ni wọ́n gbé lọ sósì? Àwọn èèyàn rò pé ohun kékeré nìyẹn. Ẹsẹ̀ tó ń kọ́kọ́ fà sẹ́yìn ti yí padà, ọwọ́ tó ń kọ́kọ́ gbá ọ̀tá láyà ti yí padà. Àfi bí ìgbà tí wọ́n ní kí o máa fi ọwọ́ òsì kọ̀wé, tí ẹni tó wọn 120 kílò sì ń sáré bọ̀ lórí ìwé náà.

Ti Miami yẹn, má kà á sí. Nígbà ìgbaradì, èèyàn 90 lè wà lórí ìwé ẹgbẹ́ kan. Kí sáà tó bẹ̀rẹ̀, 53 ló gbọ́dọ̀ kù. Ẹgbẹ́ 32 ni o, ìwọ náà ṣírò ẹ̀ wò.

Adùkẹ́_LV:
Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti gbàgbé ọ̀rọ̀ owó. Lineman tó bá ti ní sáà mẹ́rin tó pé nínú NFL, tí orúkọ rẹ̀ sì wà nínú 53 níbi ìdíje àkọ́kọ́, owó sáà yẹn ti di tirẹ̀, wọn ìbáà lé e lọ́sẹ̀ kejì. Àwọn alákòóso mọ̀ bẹ́ẹ̀. Wọ́n á tú àgbà sílẹ̀ ṣáájú ìdíje yẹn, wọ́n á rọra sọ fún un pé kó má jìnnà. Tó bá di ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, wọ́n á pè é padà. Lórí ìwé, wọ́n ti lé e nìyẹn! Ọgbọ́n àyínìke lásán.

Sáà mẹ́ta ni Eluemunor lò lọ́dọ̀ wa ní Las Vegas. Mi ò tíì dárí ji ẹni tó jẹ́ kó lọ.

Kọ́lá_Sẹ́yìn:
Ẹ má fi oyin sí i jù. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn alárìnkiri yìí, holding, ìyẹn dídi ọ̀tá mú lọ́nà tí òfin kọ̀, ni wọ́n mọ̀ ọ́n ṣe. Àmọ́ mo gbà pé ti Eluemunor yàtọ̀. Àdéhùn ọdún méjì, mílíọ̀nù 14 dọ́là, ni Giants fún un. Wọn kì í ná irú owó yẹn lórí àjẹkù.

Tóbi_NYG:
Ẹ ṣeun gan-an. Mo tún rí i kà pé ọmọ London ni, pé eré Giants àti Dolphins ní Wembley lọ́dún 2007 tó wò lórí tẹlifísàn ló gbé eré yìí sí i lọ́kàn. Ẹgbẹ́ méjèèjì yẹn náà ló padà wá gbà á síṣẹ́!

Mo ti fi gbogbo ọ̀rọ̀ yín ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ mi. Ó ní ó ti gùn jù, pé òun ò lè kà á.