Ẹni tó fẹ́ kọ́ wa bí a ṣe ń ṣọ́ iná lò, ṣé kí n gbà á sílé?

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ni mò ń gbé, lọ́nà ọjà Ouando. Iná 5,000 sefà tó máa ń gbé wa dé ogúnjọ́ kì í pé ọ̀sẹ̀ méjì mọ́.

Firíìjì ni mo fura sí. Àlòkù ni, láti Kútọnu. Rọ́bà ẹnu ilẹ̀kùn rẹ̀ ti ya, okùn ni mo fi ń so ó pa. Bí mo bá gbé ọwọ́ síbẹ̀ lóru, atẹ́gùn tútù á máa fẹ́ sí mi lọ́wọ́ bí ọyẹ́, mọ́tò rẹ̀ kì í sì í sinmi. (Ìyá ọkọ mi ní ará àdúgbò ló ń jí iná wa. Ẹ má rẹ́rìn-ín.)

Ọmọkùnrin kan wá ní òun ń kọ́ni láti ilé dé ilé. Á wo gbogbo ohun tó ń jẹ iná, á tún padà wá lẹ́yìn oṣù kan. Ó ṣírò fún mi: gílóòbù àtijọ́ 60 wáàtì, tí a bá tàn án fún wákàtí 5, á jẹ 300 wáàtì-wákàtí, gílóòbù LED 9 wáàtì á jẹ 45 péré. Mẹ́rin irú àtijọ́ yẹn la ní! Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí létí, àmọ́ 10,000 ló ń béèrè.

Ta ló ti gba irú ẹni bẹ́ẹ̀ rí? Ṣé owó iná yín dínkù tó ohun tí ẹ san fún un? Àbí kí n kọ́kọ́ pààrọ̀ rọ́bà yìí? Ẹni tó bá mọ ẹni tó ń pààrọ̀ rọ́bà firíìjì ní Àjàṣẹ́ níbí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ júwe rẹ̀ fún mi.