Bàbá wa àgbà àti ilé ìpọntí Ìgánmú: báwo ni a ṣe lè mọ orísun wa?

Ìbéèrè

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin àgbà. Mo ń wá ìlú tí bàbá tó bí bàbá mi ti wá. Èkó ni wọ́n kú sí, kò sì sí ẹni tó bi wọ́n léèrè ilé nígbà tí wọ́n wà láyé. Ohun tó kù lọ́wọ́ wa kò ju fọ́tò kan lọ, níbi tí wọ́n ti dúró pẹ̀lú ọkùnrin márùn-ún níwájú àpótí ìgò, tí ẹnì kan sì kọ "Ìgánmú, 1951" sí ẹ̀yìn rẹ̀. Ìyá wa àgbà ní kété tí Ogun Hítílà parí ni ọkọ àwọn ti dé ilé ìpọntí yẹn, bẹ́ẹ̀ mo kà á pé ọdún 1949 ni ọtí kọ́kọ́ jáde níbẹ̀. Èwo ni kí n gbà? "Ọmọ Ọlálọmí" ni wọ́n fi máa ń kí ọkọ wọn.

Ìdáhùn kìíní

Oríkì yẹn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dáhùn fún yín. Ọ̀fà ni, ní ìpínlẹ̀ Kwara: "Ìyẹ̀rú Ọ̀kín, Ọlọ́fà mọjọ̀, ọmọ Ọlálọmí", àwọn tí ìjàkadì jẹ́ orò ìlú wọn. Ojú irin tó ti Èkó gba Ìbàdàn àti Òṣogbo lọ sí Ìlọrin kọjá ní Ọ̀fà, nítorí náà ọ̀nà Èkó kò ṣòro fún ẹni tó ń wáṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ má tíì di ẹrù, nítorí a máa ń fi oríkì ìdílé ìyá kí èèyàn pẹ̀lú. Ẹ jẹ́ kí màmá kì í títí dé òpin, kí ẹ gbà á sínú fóònù, kí ẹ má sì já lu ọ̀rọ̀ wọn, torí àárín oríkì, níbi tí etí ti máa ń rẹ̀ wá, ni orúkọ agboolé sábà máa ń wà.

Ìdáhùn kejì

Mo rò pé màmá àti ìwé kò ta ko ara wọn. Ọdún 1946 ni UAC (United Africa Company, ilé iṣẹ́ òwò àwọn Gẹ̀ẹ́sì) àti Heineken, apọntí ilẹ̀ Netherlands, dá Nigerian Brewery Limited, tó ni ilé ìpọntí Ìgánmú, sílẹ̀, oṣù kẹfà ọdún 1949 sì ni ìgò ọtí Star àkọ́kọ́ jáde. Ọdún mẹ́ta ló wà láàárín, ẹnì kan ló sì kọ́ ilé náà. Àwọn ìwé UAC wà lọ́dọ̀ Unilever ní Port Sunlight, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ti Heineken wà ní ibi ìpamọ́ ìwé ìlú Amsterdam. Síbẹ̀, n kò ní kọ́kọ́ ná owó sí ìyẹn, nítorí ọ̀gá ni irú ìwé bẹ́ẹ̀ máa ń dárúkọ ju alágbàṣe lọ. Ẹ wo ìwé ìgbéyàwó wọn ní ṣọ́ọ̀ṣì, àti ìwé owó ìfẹ̀yìntì bí ó bá ṣì wà nínú àpótí.

Olùbéèrè

Ẹ ṣé gan-an ni. Mo gbọ́ ohùn màmá lálẹ́ àná. Wọ́n ní, "Kí wọ́n tó pọn ọtí kankan níbẹ̀, búlọ́ọ̀kù ni ọkọ mi ń rù." Wọ́n wá kì í lọ títí, wọ́n sì dárúkọ agboolé kan tí bàbá mi fúnra wọn kò gbọ́ rí. A ó gbé fọ́tò náà lọ sí Ọ̀fà ní ìparí oṣù.