Ẹ jọ̀ọ́, ṣé kí n fi àwọn Zygon yìí han àwọn ọ̀dọ́ wa?

Ẹ̀yin èèyàn mi, èmi àtàwọn ọ̀dọ́ ṣọ́ọ̀ṣì wa ní London fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa àwọn tó sá kúrò nílùú wọn, mo wá ní ká wo eré tẹlifíṣọ̀n Doctor Who ti 2015, èyí tí mílíọ̀nù 20 Zygon, ìyẹn àwọn ẹ̀dá tó sá wá láti pílánẹ́ẹ̀tì míì, ti gbé àwọ̀ èèyàn wọ̀ tí wọ́n ń bá wa gbé. Mo ti wò ó lẹ́ẹ̀mejì, ara mi ò gbà á. Sójà kan rí Zygon tó gbé àwọ̀ ìyá ẹ̀ wọ̀ níwájú ṣọ́ọ̀ṣì, kò lè yìnbọn, ó tẹ̀lé e wọlé, ibẹ̀ ni wọ́n pa á sí! Ṣé ẹni tó sá wá láti Síríà ń jí ojú olójú wọ̀ ni? Mo ní kí n fo ibẹ̀ yẹn, àmọ́ gbogbo ìtàn náà ló dúró lé e lórí, ọ̀rọ̀ tí Dókítà sì sọ nípa ogun lápá kejì dùn kọjá ẹnu, Capaldi tó ṣe Dókítà gbìyànjú ṣá. Ṣé kí n ṣì fi hàn wọ́n, àbí kí n wá nǹkan míì? Ẹ má bínú pé ó gùn díẹ̀, ẹ ṣé gan-an o.