Ẹ gbà mí o, wáyà nípọn, rédíò ò gbọ́ nǹkan kan

Ọmọ Láfẹ́nwá
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin àgbà. Mo fẹ́ máa gbọ́ longwave (ìgbì rédíò gígùn) lálẹ́, pàápàá rédíò Àlgéríà tó wà lórí 252 kHz. Mo yọ ferrite rod (ọ̀pá dúdú tí wọ́n ń wé wáyà mọ́ láti fi ṣe eriali) nínú rédíò àtijọ́ kan, mo tú wáyà transformer tó nípọn dáadáa, mo wé e mọ́ ọn ní ipele mẹ́rin, mo sì fi téèpù dúdú dì í. Variable capacitor mi (èyí tí mo ń yí láti fi wá ibùdó) jẹ́ 365 pF. Ariwo ṣáá ni. Bí mo ṣe yí capacitor tó, kò síbi tí ohùn ti gbéra. Ṣé kí n wá wáyà tó tún nípọn jù bẹ́ẹ̀ lọ ni?

Bàbá Àsẹ̀rò
Rárá o, àbúrò. Níbi tó ga tó 252 kHz, iná kì í gba àárín wáyà kọjá. Èèpo rẹ̀ ló ń gbà, bíi 0.13 mm péré. Gbogbo inú yòókù, ẹrù lásán ni. O tún wá tò ó ní ipele mẹ́rin! Wáyà tó bá fara ti wáyà á máa ti iná ara wọn sí ẹ̀gbẹ́ kan, agbára tó yẹ kó dé inú rédíò á di ooru.

Litz ni kó o wá: irun wáyà tín-ín-tín tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní varnish tirẹ̀, tí wọ́n lọ́ pọ̀ bí òwú. Ó wà lára rod àwọn rédíò àtijọ́ mìíràn, rọra tú u. Tó o bá fẹ́ fi lẹ́ẹ̀dì lẹ̀ ẹ́, gbogbo irun pátá ni kí lẹ́ẹ̀dì mú o. Yí páálí mọ́ rod kó o tó wé e lé e, ipele kan ṣoṣo bí àyè bá gbà.

Pẹ̀lú 365 pF, wáyà wíwé tó jẹ́ 1.1 mH (mH ni òṣùwọ̀n wáyà tó o wé) á kan 252 kHz nígbà tí capacitor bá kún pátápátá. Ṣe é ní 1.5 mH kí àyè lè wà. Tó o bá sọ ìyípo di ìlọ́po méjì, mH á fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po mẹ́rin, nítorí náà má kàn máa wé e bí ẹni ń dirun.

Ìyá Ìbejì Ìbarà
Inverter ńkọ́? Lọ́dọ̀ wa, ìgbà tí mo pa inverter àti gílóòbù LED ni mo tó mọ̀ pé rédíò mi ò ya dìndìnrìn. Ẹ̀gbẹ́ rod ló ń gbọ́, orí rẹ̀ dití. Àríwá ni Àlgéríà wà sí wa, fi rod náà lélẹ̀ láti ìlà-oòrùn sí ìwọ̀-oòrùn.

Kọ́lá Oníwáyà
Bàbá, ẹ má bínú o. Tí Q (bí wáyà wíwé àti capacitor ṣe ń di ibùdó kan ṣoṣo mú tó) bá lọ tó 100 níbẹ̀, 2.5 kHz péré ló máa gbà wọlé. Ohùn ò ní já gaara.

Bàbá Àsẹ̀rò
Ìṣòro ẹni tó ti yó nìyẹn. Resistor kan á bá a dín Q náà kù nígbàkigbà. Èyí tó ti di ooru ni kò ṣeé kó padà.

Ọmọ Láfẹ́nwá
Ẹ ṣé gan-an o. Mo ti rí litz. Irun mẹ́tàdínlógún ni mo kà, lẹ́ẹ̀dì ò tíì mú méjì, síbẹ̀ ojú ibì kan ti wà báyìí tí ariwo ti ń gbéra sókè lójijì bí mo bá ń yí capacitor. N kò tíì gbọ́ Àlgéríà. Òjò ti ṣú sórí Olúmọ, àrá ò ní jẹ́ ká gbọ́ nǹkan lálẹ́ yìí. Ó dọ̀la.