CRP bàbá mi ga, bẹ́ẹ̀ ara wọn dá. Kí ni ká ṣe?

ỌmọBàbá:
Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin ará. COPD ló ń yọ bàbá mi lẹ́nu, àìsàn ẹ̀dọ̀fóró tó ń dí ọ̀nà èémí. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti pa sìgá tì. Èsì ẹ̀jẹ̀ wọn dé: CRP (èròjà inú ẹ̀jẹ̀ tó ń ga bí ibì kan bá ń wú nínú ara) 14, fibrinogen (èròjà tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì) 410, eosinophil (irú sẹ́ẹ̀lì funfun kan nínú ẹ̀jẹ̀) 320. Láàbù fi pupa sàmì sí méjì àkọ́kọ́. Síbẹ̀ wọn ò wúkọ́ ju ti tẹ́lẹ̀, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ wọn funfun. Ẹ̀gbọ́n mi ní ká ra oògùn apakòkòrò kíá. Àyà mi ń já. Ṣé ẹ̀dọ̀fóró wọn ló ń bàjẹ́ sí i ni?

Aláyẹ̀wò:
Ẹ fọkàn balẹ̀. Láàbù ni iṣẹ́ mi, ojoojúmọ́ ni mò ń yẹ CRP wò. Ẹ̀dọ̀ ló ń ṣe é, kì í ṣe ẹ̀dọ̀fóró. Ibi yòówù kó máa wú nínú ara, interleukin-6 (èròjà kan tí ara ń ṣe) ni yóò jíṣẹ́ fún ẹ̀dọ̀, ẹ̀dọ̀ á sì tú CRP sínú ẹ̀jẹ̀. Eyín tó ń kẹ̀ lè gbé e sókè, oríkèé tó wú náà lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ẹni tó ní COPD ni tiwọn máa ń ga díẹ̀ nígbà tí ara balẹ̀, àmọ́ kì í ṣe gbogbo wọn. Ìwádìí ECLIPSE lórí COPD wo àmì ara wíwú mẹ́fà nínú ẹ̀jẹ̀, CRP wà lára wọn, èsì rẹ̀ sì jáde ní 2012. Nǹkan bí 30 nínú 100 aláìsàn ni kò ní ìkankan tó ga. Àwọn 16 nínú 100 ni ó kéré tán méjì nínú àmì náà ga fún, tó tún rí bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn ọdún kan. Àwọn wọ̀nyí ni ikú mú jù, bẹ́ẹ̀ èémí wọn kò fi bẹ́ẹ̀ burú ju ti àwọn yòókù. Nítorí náà, ẹ̀ẹ̀kan ò tó: ẹ jẹ́ kí wọ́n tún un yẹ̀ wò nígbà tí ara bàbá ṣì dá.

Ti apakòkòrò, mo bẹ̀ yín, ẹ má rà á. Ìwádìí kan ní England àti Wales, 2019, fi CRP tọ́ àwọn dókítà sọ́nà nígbà tí COPD bá ru sókè. Bí kò bá tó 20, apakòkòrò kì í sábà wúlò. Láti 20 sí 40, wọn á wo bóyá kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ti di ọyún. Tó bá ju 40, ó ṣeé ṣe kó ràn án lọ́wọ́. Bàbá yín ò tilẹ̀ sí nínú ìrusókè.

ỌmọBàbá:
Ẹ ṣeun gan-an. Eosinophil wá ńkọ́? Wọn ò sàmì sí i.

Aláyẹ̀wò:
Òun gan-an ni kí ẹ mú lọ bá dókítà! Bó bá tó 300, tí àìsàn sì ń ru sókè léraléra, sítẹ́rọ́ìdì inú ínhélà sábà máa ń dín ìrusókè náà kù. Ẹ sọ fún wọn bí bàbá bá ń lo prednisolone (sítẹ́rọ́ìdì oníhóró) nígbà tí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀, torí ó máa ń fa iye yẹn wálẹ̀.

Onísùúrù:
Èmi náà ní COPD. Eosinophil tèmi kò tó 100. Òtútù àyà ń mú mi ṣáá, ni dókítà bá yọ sítẹ́rọ́ìdì kúrò nínú ínhélà mi. Ara mi fúyẹ́ lẹ́yìn náà. Ẹ má fúnra yín yọ ti bàbá o, ẹ béèrè ni.

Aláyẹ̀wò:
Òótọ́ ni wọ́n sọ. Bí kẹ̀lẹ̀bẹ̀ bàbá bá di aláwọ̀ ewé, tí èémí wọn sì ń gé, ẹ gbé wọn lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà, ẹ má dúró de èsì ẹ̀jẹ̀ kankan.