Mo ti rí ìdí tí Ayé mi fi ń sá fún Oòrùn

Ẹ̀yin ará, mo ní kí n wá jábọ̀ kí n tó ti ọ̀rọ̀ yìí pa. Ẹ rántí pé mo wá ké síbí pé nínú iṣẹ́ ìwádìí tí mò ń ṣe lábẹ́ ọ̀gá mi, Ayé tí mo fi kọ̀ǹpútà ṣe ń yí Oòrùn po, àmọ́ ó ń jìnnà sí i díẹ̀díẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní kí n dín àkókò ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan kù (ìyẹn iye àkókò tí kọ̀ǹpútà ń fò kó tó tún ipò Ayé ṣírò), ẹ ṣeun. Mo dín in láti ọjọ́ 1 sí wákàtí 1. Sísá náà dín kù, kò dáwọ́ dúró.

Ọ̀gá mi ò tilẹ̀ wo kóòdù. Wọ́n ní kí n ya àwòrán àpapọ̀ agbára Ayé náà bí ọdún ṣe ń gorí ọdún. Ó yẹ kí ìlà náà tẹ́jú. Tèmi ń gùn bí ẹni ń gun àjà! Ọ̀nà Euler tí mo lò, ìyẹn ọ̀nà ìṣírò tó ń fi ipò àti eré Ayé nísinsìnyí wá ti ìgbésẹ̀ tó kàn, ló ń bu agbára tí kò sí kún un.

Àtúnṣe náà ò ju pípààrọ̀ ipò ìlà kóòdù 2 lọ: kí n kọ́kọ́ ṣírò eré tí Ayé ń sá, kí n wá fi eré tuntun yẹn sún Ayé síwájú, dípò eré àtijọ́. (Ọ̀sẹ̀ 3 ni mo fi lágùn lórí ìlà 2. Ojú tì mí díẹ̀.) Ní báyìí, ìlà agbára inú àwòrán náà kàn ń mì sókè sódò ni, kò gùn mọ́. Ayé sì ń padà síbi tó ti gbéra ní nǹkan bí ọjọ́ 365.

Ọ̀nà Verlet, ọ̀nà ìṣírò mìíràn fún irú iṣẹ́ yìí, ni ọ̀gá mi ní kí n gbìyànjú tẹ̀lé e. Ẹni tó ní mo da mítà pọ̀ mọ́ kìlómítà, rárá o, ìyẹn ni mo kọ́kọ́ yẹ̀ wò.