Èsì lórí "ìwádìí olójúṣe": ìdí tí mo fi fara mọ́ "ajíhìn"

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi nínú iṣẹ́ èdè, mo kí yín.

Alàgbà tó kọ̀wé ṣáájú mi dábàá pé kí a máa pe ètò tí àwọn ará Yúróòpù fi ń ṣọ́ ìwádìí sáyẹ́ǹsì àti ìhùmọ̀ tuntun, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá ó ń bá ire aráàlú mu, ní "ìmójútó àti ìwọ̀n ìwádìí olójúṣe" ("responsible research" ni wọ́n ń pe ìwádìí olójúṣe ní èdè Gẹ̀ẹ́sì). Mo bọ̀wọ̀ fún wọn gan-an, ṣùgbọ́n n kò lè gba "olójúṣe" yìí wọlé, nítorí "oní-" tó ṣíwájú rẹ̀ ni ó ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. "Ajíhìn" ni mo fẹ́ kí a fi rọ́pò rẹ̀.

Ohun tí ènìyàn ní ni "oní-" ń sọ. Olówó ní owó, onílé ní ilé, kò sì di ìgbà tí ẹnikẹ́ni bá bi wọ́n léèrè kí wọ́n tó jẹ́ bẹ́ẹ̀. Olójúṣe náà lè ti ìlẹ̀kùn yàrá ìwádìí rẹ̀, kí ó ṣe ojúṣe rẹ̀ ní àṣepé, kí aráàlú má sì mọ ohun tí ó ń ṣe. René von Schomberg, onímọ̀ ìmọ̀ ọgbọ́n orí tí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń kọ̀wé lórí ọ̀rọ̀ yìí ṣì ń tọ́ka sí ohun tó sọ ní 2011, kò fàyè gba irú ìyẹn: ó ní ètò tó hàn kedere ni ìwádìí olójúṣe, tí aráàlú àti àwọn olùhùmọ̀ ti jọ ń gbọ́ra, tí wọ́n sì ń dá ara wọn lóhùn. Ẹni méjì ló wà níbẹ̀. "Oní-" kò sì ní àyè fún ẹnì kejì.

Ẹ wá wo "jẹ́" tó wà nínú "jíhìn". Òun náà ló wà nínú jíṣẹ́, òun ló wà nínú jẹ́jọ́ àti jẹ́pè. Níbikíbi tí "jẹ́" yìí bá ti jáde, ẹnìkan ti pè wá, tàbí ó ti rán wa níṣẹ́, tàbí ó ti béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ wa. Àwọn kan ti sọ pé "ajíhìn" yóò mú ọkàn ènìyàn lọ sọ́dọ̀ ajíhìnrere. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọjà àti ọ̀rọ̀ ààfin ni ìjíhìn: alájọ ń jíhìn fún àwọn tó ń dájọ, ẹni tí ọba rán níṣẹ́ ń padà wá jíhìn. Àwọn àgbà tó tọ́ wa kò nílò ìwé kankan láti mọ ìyẹn.

Ohun tó mú mi tẹnu mọ́ ọn ni pé mọ́fíìmù (ẹyọ tó kéré jù tó ní ìtumọ̀ nínú ọ̀rọ̀, bí "oní-" tàbí "jẹ́") tí a bá yàn ni yóò sọ ohun tí a óò kà. Láàárín 2014 sí 2018, iṣẹ́ tí wọ́n pè ní MoRRI, tí wọ́n fi ń wọn ìwádìí olójúṣe, kó atọ́ka 36 jọ fún orílẹ̀-èdè 28 tó wà nínú Ìṣọ̀kan Yúróòpù nígbà náà. Wọ́n pín wọn sí ìkópa aráàlú, ìdọ́gba akọ àti abo, ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì, ṣíṣí àbájáde ìwádìí sílẹ̀, ìwà tó tọ́, àti ìṣàkóso. Iye obìnrin tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ìwádìí, iye ìwé tí ènìyàn lè kà lọ́fẹ̀ẹ́: ó dára kí a ka ìwọ̀nyí, ó sì rọrùn láti kà, ṣùgbọ́n "oní-" ni wọ́n. Bóyá ẹnikẹ́ni yí iṣẹ́ rẹ̀ padà nítorí pé aráàlú sọ̀rọ̀, ibẹ̀ ni wíwọ̀n ti le.

Ọ̀ràn SPICE, iṣẹ́ ìwádìí kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi èyí hàn. Àwọn olùwádìí fẹ́ fi bàlúù gbé ọ̀pá rọ́bà sókè tó kìlómítà kan, kí wọ́n fọ́n omi sí afẹ́fẹ́, láti mọ̀ bóyá irú ohun èlò bẹ́ẹ̀ lè wúlò lọ́jọ́ iwájú fún mímú kí ayé tutù. Ní 2011, ìgbìmọ̀ kan fi ìbéèrè márùn-ún wò ó. Méjì àkọ́kọ́, lórí ewu àti òfin, yege. Mẹ́ta yòókù, lórí ṣíṣàlàyé èrò wọn fún aráàlú, ríronú lórí ohun tó lè tẹ̀yìn rẹ̀ yọ, àti mímọ èrò àwọn ènìyàn, ni wọ́n ní kí wọ́n lọ tún ṣiṣẹ́ lé lórí. Wọ́n dá ìdánwò náà dúró, wọ́n sì pa á tì pátápátá ní 2012, nígbà tí ìwé ẹ̀tọ́ ìhùmọ̀ (patent) tí àwọn kan ti béèrè fún tún dá àríyànjiyàn sílẹ̀. Olójúṣe ni wọ́n lójú òfin. Ìjíhìn ni kò tíì pé.

Ní ti "ìwọ̀n", Alàgbà ní àwọn ti ń kọ́ni ní gírámà kí ọ̀pọ̀ wa tó mọ ìwé kọ, n kò sì bá wọn du ìyẹn. Síbẹ̀, ìwọ̀n ni ohun tí a rí lẹ́yìn tí a bá wọn nǹkan tán. Iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ ni wíwọ̀n, àpètúnpè ("wí-" tó ṣíwájú "wọ̀n") kò sì ṣeé fò. Bí wọ́n bá ní ẹ̀rí pé "ìwọ̀n" dúró fún iṣẹ́ náà nínú ọ̀rọ̀ àwọn àgbà, kí wọ́n jọ̀wọ́ mú gbólóhùn náà wá. Títí di ìgbà náà, "títọpinpin àti wíwọ̀n ìwádìí ajíhìn" ni èmi yóò máa kọ.